Fọ́tò Tí Mo Yà Lójú Ọ̀sà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ọkọ mi gan-an ni mi ò jẹ́ kó gbọ́ jù.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Irọ́ ni ẹ̀rí náà. Èmi ni mo pa á lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn tó pè mí ò mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n kàn ní kí n wá tún un sọ ni.

Ẹdẹ ni mò ń gbé báyìí, ní agbo ilé àwọn ọkọ mi. Ọmọ méjì ni mo bí. Fárídà ti pé ọdún márùn-ún. Àbúrò rẹ̀ ò ju oṣù mẹ́jọ lọ, ó wà lẹ́nu ọmú bí mo ṣe ń tẹ èyí. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, òun ló fa fóònù.

Kí a tó padà wálé, Èkó la wà. Iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe níbẹ̀, títí di òní ó máa ń sú mi láti ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ará ilé. Ó ń mú ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe apẹja. Àwọn olówó àti àwọn òyìnbó ló máa ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé lọ sójú ọ̀sà. Á fún wọn ní ọ̀pá ìwọ̀, á mú wọn dé ibi tí ẹja ńlá wà, láàárín ìlú níbẹ̀, lẹ́bàá afárá, lẹ́yìn àwọn ilé gogoro. Bí ẹja bá ti gbé ìwọ̀ mì, wọ́n á máa bá a fà á títí á fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà sómi.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Wọ́n á dá a padà! Ẹja tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọmọ mi! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní, "Bàbá Fárídà, ẹ̀yin wá ń wò wọ́n?"

Ó ní, "Èmi gan-an ni mo ń bá wọn dá a padà. Bí a bá jẹ ẹ́ lónìí, kí ni àlejò ọ̀la máa wá bá?"

Inú mi ò dùn. Ọkọ mi ń lọ sómi lójoojúmọ́, èmi ń ra ẹja yìnyín lọ́jà. Àfi kí ẹ fi ara yín sípò mi.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ni Bọ̀dá Èyítáyọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, orí omi ni wọ́n ti dàgbà. Nígbà tí ọkọ mi dé Èkó, kò mọ omi kankan ju odò Ọ̀ṣun tó fi ń ṣeré ní kékeré lọ. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mọ ìgbà tí omi òkun ń wọ ọ̀sà àti ìgbà tó ń jáde, bí a ṣe ń ju ìwọ̀, bí a ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu ẹja tí ẹja ò fi ní kú. Ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń wà fún ọ̀gá kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo ṣẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ mú mi, tí mo fẹ́ bí Fárídà, ọ̀nà dí pa. Mọ́tò ò lọ, kò bọ̀. Àlejò ti jókòó sínú ọkọ̀ Bọ̀dá Èyítáyọ̀, ó ti sanwó, ó ti wọ fìlà oòrùn. Wọ́n ní kó dákun kó sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé kọjá ọ̀sà lọ sí òdìkejì níbi tí ọsibítù wà. Wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ, wọ́n ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, mú un mọ́ra o. Tó o bá bí i sínú ọkọ̀ yìí, ọ̀gá á ní kó o san owó èèyàn méjì." Pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, "èrò mi" ni wọ́n ń pe Fárídà.

Ẹni tí mo bà lórúkọ jẹ́ nìyẹn.

Ibì kan wà lójú ọ̀sà tó jẹ́ pé ọkọ mi àti Bọ̀dá Èyítáyọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ onírin àtijọ́ kan ló rì síbẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹja kútà ńláńlá máa ń sá sí. Kò sí àmì kankan lórí omi. Bí wọ́n ṣe ń dá ibẹ̀ mọ̀ ni pé wọ́n á wa ọkọ̀ títí ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì kan lókè ọ̀hún á fi bọ́ sí àárín òpó kẹta àti òpó kẹrin afárá gẹ́lẹ́. Bó bá ti fì sọ́tùn-ún tàbí sósì, wọ́n ti ṣì í.

Nítorí náà, òfin kan wà nínú ọkọ̀ wọn. Bí àlejò bá mú ẹja níbẹ̀, tó fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á ní kó kẹ́yìn sí ojú ọ̀sà gbalasa, kó jẹ́ pé omi lásán ló máa hàn lẹ́yìn rẹ̀. Afárá ò gbọdọ̀ wọnú fọ́tò. Àlejò á rò pé torí ẹwà ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí kò sí àlejò, ọkọ mi fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé mi dání. Mo gbé Fárídà sọ́dọ̀ ìyàwó Bọ̀dá Èyítáyọ̀, a lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó fi ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì náà hàn mí. Ó ní, "Ìwọ ni ẹnì kẹta tó mọ̀ ọ́n láyé o." Orí mi wú.

Ó ju ìwọ̀. Kò pẹ́, kútà kan gbé e. Ẹ ò rí bí ọkọ mi ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ó ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. Nígbà tó gbé ẹja náà sókè, ó ní, "Yà mí! Ìhà ibí lo máa dúró sí o, omi ni kó wà lẹ́yìn mi."

Mo yà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, mo rọra bọ́ sí ìhà kejì. Bó ṣe gbójú sókè tó rẹ́rìn-ín sí mi, mo tún yà á. Kò tiẹ̀ fura. Fọ́tò kejì yìí dára jù. Gbogbo eyín rẹ̀ hàn, ara ẹja náà ń dán yinrin. Afárá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sáàárín òpó kẹta àti ìkẹrin.

Bí mo bá ní mi ò rí i, mo parọ́. Mo rí i.

Aládùúgbò kan wà tí a jọ ń pọnmi, Ìyá Sẹ̀míù. Apẹja aláwọ̀n ni ọkọ tiwọn. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n rí ẹja yìnyín lọ́wọ́ mi tí wọn kì í sọ̀rọ̀. "Ìyá Fárídà, ṣé ọkọ yín ń lọ kí àwọn ẹja yẹn ni? Ṣé wọ́n wà dáadáa?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù á bá wọn rín in. Mo ti gbà á mọ́ra títí, títí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo gbé fọ́tò kejì sórí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù mi fún gbogbo ayé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọkọ mi rèé o, ẹ wá bú u." Ọkọ mi nìkan ni mo yọ kúrò lára àwọn tó lè rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mi ò bá mọ̀, kí ló dé tí mo yọ ọ́ kúrò?

Ìyá Sẹ̀míù ló kọ́kọ́ dáhùn. "Háà! Kútà ńlá! Ibo nìyí? Ṣé ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn nì?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo fèsì pé, "Ẹ kúkú lójú o." Mo tún fi ẹ̀rín sí i.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fọ́tò náà ti kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá Sẹ̀míù kanlẹ̀kùn mi. Wọ́n gbé àwo ẹja dání, kútà yíyan ńláńlá. "Ẹ fi se ọbẹ̀ o, Ìyá Fárídà. Ẹ kú àánú wa." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò béèrè. Mo ti mọ ibi tí ẹja náà ti wá kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Mo sè é. Kí ni kí n fi ṣe? Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní, "Ìyá Fárídà, ọbẹ̀ yìí dùn o. Níbo lo ti rí kútà rà?" Mo ní ọjà. Ó ní kí n bu díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kejì ni àlejò kan tó wá láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ fi mú ẹja. Wọ́n gbé e lọ síbi ọkọ̀ tó rì náà. Ìwọ̀ ò mú nǹkan kan bí kò ṣe àwọ̀n yíya. Àwọn aláwọ̀n ti gbá ibẹ̀ mọ́, àwọ̀n tó kọ́ mọ́ irin ọkọ̀ náà ni wọ́n já sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Àlejò bínú lọ. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ọkọ mi wálé, kò lè jẹun. Ó ní, "Èmi àti Bọ̀dá nìkan la mọ ibẹ̀. Èmi ò sọ. Ta ló wá kù?" Ó gbàgbé mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó gbàgbé pé mo mọ̀ ọ́n. Kò tiẹ̀ kà mí mọ́ àwọn tó lè ṣe irú rẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà jù nìyẹn, títí di òní.

Bọ̀dá Èyítáyọ̀ wá sílé wa, àwọn àti ìyàwó wọn. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn torí àga kan ṣoṣo la ní. Wọ́n ní, "Mo fi ọmọ mi búra, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ọkọ mi yíjú síta. Wọ́n wá wò mí. "Ìyàwó, ìwọ máa ń wà ní jẹ́tì níbi tí a ń so ọkọ̀ mọ́. Ǹjẹ́ o rí mi pẹ̀lú ẹnikẹ́ni rí?"

Wọ́n fi ojú bẹ̀ mí. Wọ́n mọ̀ pé màá gbè wọ́n.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí ọkọ mi bá dẹ́kun ìbínú sí wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì. Mo ní, "Mo rí yín lọ́jọ́ kan tí ẹ̀yin àti ọkọ Ìyá Sẹ̀míù ń sọ̀rọ̀ ní jẹ́tì. Ó pẹ́ díẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ."

Òótọ́ ni pé mo rí wọn. Wọ́n ń kí ara wọn ni, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ìyá ọkùnrin náà tó ń ṣàìsàn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete.

Ìyàwó wọn pariwo. Bọ̀dá Èyítáyọ̀ ò pariwo. Wọ́n kàn dìde, wọ́n fọwọ́ kan orí Fárídà, wọ́n ní, "Ó dàbọ̀, èrò mi." Wọ́n jáde.

Ọkọ mi gbé ẹ̀rí mi lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé àlejò lọ sójú ọ̀sà. Ẹgbẹ́ ní kí Bọ̀dá Èyítáyọ̀ má fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀ àlejò mọ́ ní gbogbo jẹ́tì náà. Mo gbọ́ pé yanrìn ni wọ́n ń wà báyìí, pé wọ́n ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú garawa. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Èkó sú ọkọ mi, a kó wá sí Ẹdẹ. Ní àdúgbò Alájue ló ti ń tọ́jú odò ẹja fún ẹnì kan, ó ń fún àwọn ẹja àrọ̀ lóúnjẹ. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó máa ń mú àwọn olùkọ́ méjì kan lọ sẹ́bàá odò pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀. Bí wọ́n bá dá ẹja padà, àwọn ará ìlú á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu lójoojúmọ́ ni èyí. Nílé wa, ẹnikẹ́ni tó bá tú àṣírí, Èyítáyọ̀ là ń pè é. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí Fárídà bá sọ fún ìyá ọkọ mi pé bisikíìtì wà lábẹ́ ibùsùn, ọkọ mi á ní, "Èyítáyọ̀! O ti tà wá." Gbogbo agbo ilé ti kọ́ ọ. Wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ọkùnrin yẹn gbé kọjá omi kó lè wáyé, òun náà ń fi orúkọ wọn bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sú mi. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n yé pe orúkọ yẹn. Ọkọ mi á ní, "Rọra, Ìyá Fárídà. Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ sí ọkùnrin yẹn."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, alága ẹgbẹ́ pè láti Èkó. Bọ̀dá Èyítáyọ̀ ti bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹgbẹ́ máa jókòó ní jẹ́tì lọ́jọ́ Sátidé láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà ìkẹyìn sì nìyẹn. Wọ́n ní kí ọkọ mi wá. Alága wá ní ohun kan ṣoṣo ni Bọ̀dá Èyítáyọ̀ tọrọ. Ọkọ mi ti ṣí fóònù sílẹ̀ fún gbogbo wa láti gbọ́, torí náà etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.

"Wọ́n ní ká pe ìyàwó rẹ wá. Wọ́n ní obìnrin yẹn kì í ṣe òpùrọ́, pé ó ṣeé ṣe kó ṣi nǹkan rí ni. Wọ́n ní bí ó bá fara balẹ̀ rántí, á sọ òótọ́."

Mo gbé ọmọ sílẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọkọ mi ò rí ohun tó le níbẹ̀. Ó ní, "Ohun tó o sọ nígbà yẹn náà lo máa sọ. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ìrọ̀lẹ́ la ó ti padà." Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó bá wa mú Fárídà. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, la ó lọ wọ mọ́tò, a ó sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé Bọ̀dá ló sọ ọ́?" Ó wò mí, ó ní, "Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé mo ti fi ọdún mẹ́ta ṣe aburú sí ẹni tó sọ mí dèèyàn. Má jẹ́ kí n ronú bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́."

Ìbéèrè mi rèé. Bí mo bá sọ fún un nílé, mo bẹ̀rù pé á ní kí n pa á mọ́ sínú, kí a má lọ mọ́, kí ojú má bàa ti òun. Bẹ́ẹ̀, bí a ò bá lọ, Bọ̀dá Èyítáyọ̀ ti tán nìyẹn. Bí mo bá sì dúró di jẹ́tì, ojú gbogbo àwọn tó bọ̀wọ̀ fún un ni ọkọ mi á ti gbọ́ ọ. Á rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ dójú ti òun ni. Ọkùnrin tó lè já okùn àárín òun àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kí ló máa ṣe fún mi? Mo ní ọmọ méjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbàdúà. Mo ti gbà á.

Fọ́tò yẹn ṣì wà. Ó wà nínú fóònù mi àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti sán. Mi ò lè pa á rẹ́, torí pé ní gbogbo ọjọ́ tí a ti wà pọ̀, mi ò tíì rí ọkọ mi kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Inú ike ìrẹsì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.

Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe ń jẹ ògì, Fárídà ṣàdédé ní, "Bàbá mi, Màmá mi ní fóònù míì o. Ó wà nínú ìrẹsì."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Èyítáyọ̀! O ti tú àṣírí ìyá ẹ." Ó wá yíjú sí mi. "Fóònù wo nìyẹn?"

Mo ní, "Fárídà, má jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bọ̀dá Èyítáyọ̀ ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni."

Ọkọ mi gbé síbí sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò jẹ ògì náà tán.

Mo ti yọ fóònù náà kúrò nínú ìrẹsì. Mo ti kì í bọ iná. Ó ti tàn. Ọkọ mi máa ń dé ní aago mẹ́rin, a ti kọjá aago méjì báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ pẹ́ jù mí lọ, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ bó bá wọlé? Ṣé fọ́tò ni kí n kọ́kọ́ fi hàn án ni, àbí ọbẹ̀ tó lá ọwọ́ rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ rán an létí?

Bọ̀dá Èyítáyọ̀, bí ẹnì kan bá ka èyí sí yín létí, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ikùn tí ẹ gbé kọjá omi. Kì í ṣe pé mo ṣi nǹkan rí.